Ògiri Tó Wó Lu Abdon Vilarem

Òkúta tí wọ́n gbé kẹ́yìn kúrò ní àyà òkú náà ni kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Èmi kò kíyè sí i. Gbogbo àwa tí a gun òkè lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ògiri tó wó la rí, a sì rí ẹsẹ̀ Abdon Vilarem méjèèjì tó yọ síta lábẹ́ rẹ̀ nínú bàtà oko. Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán àná, irú òjò tí afẹ́fẹ́ òkun máa ń gbé wá sí Vallaure, ìlú wa, lẹ́yìn ìkórè àjàrà, kò sì sí ọdún tí irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í wó ògiri lórí àwọn òkè wa. Òkúta lásán ni wọ́n, kò sí amọ̀ láàárín wọn, kò sí sìmẹ́ǹtì. Àwọn baba ńlá wa ló tò wọ́n léra, láti etí òkun títí dé góńgó òkè, kí ìwọ̀nba ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ lè dúró fún àjàrà. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ló pa bàbá Abdon náà. Nígbà tí wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sórí koríko, àwọn àgbàlagbà ṣí fìlà, ẹnì kan sì sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ikú àwọn Vilarem ló kú yẹn. Mo ṣí fìlà tèmi náà. Sennen Rous ni orúkọ mi, ọlọ́pàá ni mí ní ìlú tí wọ́n bí mi sí, ohun tí mo máa sọ fún ọmọ òkú ni mo ti ń rò lọ́kàn.

Ọ̀gá mi nìkan ni kò ṣí fìlà. Honorine Pujade ti lé ní àádọ́ta ọdún, obìnrin kúkúrú tí kì í pariwo, tó máa ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kó òkúta kúrò lára ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan ló ti dúró tì wọ́n, tó ń wò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé òkúta pẹlẹbẹ tó kẹ́yìn náà, ó sì fà á lé mi lọ́wọ́.

"Apá ibo lára ògiri ni eléyìí ti wá?"

Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Ojú kan rẹ̀ dúdú, ó tutù. Ojú kejì ti ṣá, ó ti funfun, bí òkúta ṣe máa ń rí tí oòrùn àti iyọ̀ òkun bá ti ń pa á láti ayé bàbá ẹni. Mo ní ó jọ òkúta orí ògiri, àwọn tí a fi ń dé e.

"Bí omi bá ti ògiri, báwo ló ṣe máa ń wó?"

Ìyẹn kò ṣòro fún ọmọ Vallaure. Ikùn ògiri ló máa ń kọ́kọ́ wú síta bí ikùn aboyún. Ikùn yẹn ló máa bẹ́, òkúta àárín á kọ́kọ́ já, èyí tó wà lókè á wá já lé wọn lórí, erùpẹ̀ á sì ya bo gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ náà yé mi.

"Ó dáa," ni Honorine wí. "Àwọn òkúta orí ògiri ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, lára rẹ̀. Òkúta àárín ló wà lókè wọn. Láti òkè ni ẹnì kan ti ń já ògiri yìí, ó ń jù ú lu ẹni tó ti sùn sílẹ̀."

Ó ní kí n bọ́ bàtà òkú náà. Kò wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dúdú bí ẹni tó tì wọ́n bọ inú aró, láti àtàǹpàkò títí dé orúnkún, èèpo àjàrà sì gbẹ mọ́ àárín ọmọ ìka. Orí rẹ̀ fọ́ lápá kan, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó jáde níbẹ̀ kò tó èyí tí èèyàn ń rí níbi irun fífá. Honorine fi aṣọ bò ó. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ ohunkóhun fún àwọn tó dúró lókè lọ́hùn-ún. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n máa bú ògiri lọ.

* * *

Ilé àwọn Vilarem wà ní òpópó tó gùn sókè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé gbígbé wà lókè, ibi tí wọ́n ń ṣe wáìnì wà nísàlẹ̀. Baptistine, ọmọ Abdon, ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Obìnrin gíga ni, ó ga bí bàbá rẹ̀, ó ti ń sún mọ́ ọdún márùndínláàádọ́ta, ọwọ́ rẹ̀ sì ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ó ń ṣe olùkọ́ ní ìlú ńlá Toulouse, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu gbogbo wa. Ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ ní kó wá ran òun lọ́wọ́ fún ìkórè kan. Kò padà lọ mọ́.

Galderic, àbúrò Abdon, jókòó sí kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Láti kékeré ló ti ń fi ẹ̀yìn ru erùpẹ̀ gun òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀ débi pé bí ó bá dúró, ilẹ̀ ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Kò láya, kò bímọ. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń jẹun.

Baptistine gbé kọfí fún wa. Ó sọ pé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ni bàbá òun gun òkè lọ wo ojú àgbàrá. Nígbà tí kò padà, òun rò pé ó sùn sí ahéré orí òkè, nítorí ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Honorine bi Galderic. Galderic sọ pé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ni ẹ̀gbọ́n òun gun òkè lọ wo ojú àgbàrá. Ọ̀rọ̀ kan náà, kò yẹ̀ lórí ẹyọ kan. Ọ̀gá mi mu kọfí rẹ̀ tán, ó sì dúpẹ́.

Ó wá bèèrè ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ àjàrà nínú àgbá lọ́dún yìí. Baptistine ní àwọn jọ ń pín in ṣe ni, ṣùgbọ́n òun nìkan ló tẹ̀ ẹ́ lánàá.

"Jẹ́ kí a wò ó," ni Honorine wí.

Àtẹ̀gùn òkúta là ń bá sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, òórùn ọtí tuntun gbá wa lójú, ó dùn, ó sì ta ní imú. Àgbá ńlá onígi kan dúró láàárín yàrá, ó ga tó àyà èèyàn. Inú rẹ̀ ni ọtí dúdú náà ti ń hó tó sì ń kùn, èèpo àjàrà sì léfòó sójú rẹ̀ nípọn bí ibùsùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá náà, òkúta kúkúrú kan wà tí ìda àbẹ́là ti dì mọ́ lórí láti ayérayé, ó ga, ó dúdú, kò sì jọ ìda mọ́. Gbogbo ilé tó ń ṣe wáìnì ní ìlú wa ló ní irú òkúta bẹ́ẹ̀. Mo rí i, ojú mi fò ó kọjá. Honorine kò fò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí i, ó fọwọ́ pa á, ó wo ìka rẹ̀. Eruku ló wà níbẹ̀.

Fèrèsé kékeré kan ṣoṣo tó wà lókè ògiri, àkísà àpò ni wọ́n fi dí i. Honorine bi Baptistine pé kí nìdí.

"Nítorí òjò ni, Àǹtí Honorine. Kí omi má baà wọnú ọtí."

Ọ̀gá mi mi orí. Ó yí agbọ̀n ìkórè kan dé, ó gun orí rẹ̀, ó sì nawọ́ sí igi tó dábùú lókè ẹnu ọ̀nà. Ó nà títí ọwọ́ rẹ̀ fi dé e. Ó fi èékánná họ nǹkan funfun kan níbẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì ká a sínú áńkáṣífù. Baptistine dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò ó. Kò bi í ní ohun tó rí.

Nígbà tí a jáde, Honorine bá ẹ̀yìn ilé náà yípo. Fèrèsé yẹn kọjú sí òkè. Láti ojú òkun ni òjò ti wá, ògiri abẹ́ fèrèsé náà sì gbẹ táútáú.

* * *

Ìlú ti dá ẹjọ́ tirẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán. Dókítà tó wo òkú náà ti sọ fún wa pé Abdon ti kú kí òkúta tó kàn án, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sí ìgboro. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé Honorine ló fọwọ́ ara rẹ̀ tú u sílẹ̀, kí ó lè rí ẹni tó máa wá sọ̀rọ̀. Thècle, obìnrin tó ni ilé kọfí ìdí ọkọ̀ ojú omi, pè wá wọlé, ó sì fi àṣírí gbogbo hàn wá ṣáájú kí a tó bèèrè. Ó ní Kessler ni. Ọkùnrin àríwá yẹn tó ń ra ilẹ̀ orí òkè láti kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, òun àti Abdon fa ọ̀rọ̀ níbí, ó lu tábìlì, ó ní sùúrù òun ti tán. Apẹja kan náà rí i lórí ilẹ̀ àwọn Vilarem láàárọ̀ ọjọ́ ikú.

Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ó ti bára mu. Ó bi mí bóyá Kessler mọ ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í já ògiri. Ẹni tó ń tún ògiri mọ ló mọ̀ pé orí rẹ̀ la ti ń já a.

A bá Kessler ní ìyẹ̀wù tó gbà létí òkun. Kò ní kí a jókòó. Ó ní lóòótọ́ ni òun lọ sórí òkè láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun lọ wo ibi tí oòrùn á ti máa là sí hòtẹ́ẹ̀lì òun. Láti ọ̀sán di alẹ́, òun wà ní ìlú Perpignan lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, àwọn ń tún ìwé ṣe. Mo tẹ agbẹjọ́rò náà láago, bẹ́ẹ̀ ló rí.

"Ìwé kí ni?" ni Honorine bèèrè.

Ojú Kessler rí bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ oṣù tí a wà nínú rẹ̀. Ó ní ìwé ilẹ̀ Vilarem ni. Gbogbo rẹ̀, láti òpópó dé góńgó. Abdon ti gbà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ìkórè kọjá ló ń dúró dè, ìyẹn ni òun fi lu tábìlì. Ọjọ́ tí òkú rẹ̀ wà lábẹ́ òkúta gan-an ló yẹ kó wá fọwọ́ sí i.

"Ọmọ rẹ̀ mọ̀?"

"Ó ní òun máa sọ fún un tí wọ́n bá ti kórè tán."

Ní ìta, Honorine jókòó sórí ògiri etí òkun, ó ń wo ilé ńlá funfun tó wà ní apá ìlà oòrùn. Oko àwọn Pujade ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tà á nígbà tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, wọn kò sì bi í. Ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń gé ẹ̀ka àjàrà, ọkọ̀ àwọn àlejò ló ń sùn síbẹ̀ báyìí. Ó ní a ti ń wá ẹni tó bínú sí Abdon nítorí pé kò tíì ta ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ ká wá ni ẹni tó gbọ́ pé ó fẹ́ tà á.

* * *

A kò wá Galderic. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá wa ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó di fìlà rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó sì sọ fún ilẹ̀ pé òun lòun pa ẹ̀gbọ́n òun.

Ó ti to ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó ní òun gbọ́ pé Abdon fẹ́ ta ilẹ̀, inú bí òun. Abdon wọnú àgbá láti tẹ àjàrà, òun ti ilẹ̀kùn, òun fi irin dábùú rẹ̀ láti ìta. Nígbà tí òun ṣí i, ó ti kú. Òun gbé e sórí ìbaaka, òun mú un gun òkè nínú òjò, òun sì já ògiri lé e lórí kí wọ́n lè sin ín tiyìntiyìn.

Mo ti mú bírò. Honorine ní kí n gbé e sílẹ̀. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, "Bàbá Galderic, ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀, kí ẹ ṣe é kí n rí i."

Baptistine kò sí nílé. Honorine kọ́kọ́ fi irin ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà hàn mí: ìpẹtà ti jẹ ẹ́ mọ́ ibi tó wà, aláǹtakùn sì ti ta okùn láti ara rẹ̀ dé ara ògiri. Kò sí ẹni tó fà á lọ́dún yìí. Galderic wò ó. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi tan àbẹ́là kan, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ gbé e síbi tó wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín wọ inú àgbá."

Arúgbó náà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé e sórí òkúta kúkúrú náà, sórí ìda àtayébáyé yẹn, níbi tí gbogbo èèyàn ní Vallaure máa ń gbé àbẹ́là sí.

"Kí nìdí tí a fi máa ń gbé e síbẹ̀?" ni Honorine bi í.

Ó ní kí èèyàn má baà kú ni. Nígbà tí ọtí bá ń hó, ó máa ń mí afẹ́fẹ́ kan jáde tí kò ní àwọ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn wúwo, ìsàlẹ̀ ló máa ń kó jọ sí bí omi. Bó bá ti kún dé ibi àbẹ́là, àbẹ́là á kú, ẹni tó wà nínú àgbá á sì sá jáde kó tó kàn án nímú. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀ ọ́n.

"Abdon mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ̀gbọ́n mi? Òun ló kọ́ mi."

"Bí àbẹ́là bá wà níbi tí ẹ gbé e sí yìí, á ti kú, Abdon á sì ti jáde. Ẹ ò sì fi irin dábùú ilẹ̀kùn. Ẹ sọ fún mi, kí ló pa á?"

Galderic ń wo iná náà. Honorine mú àbẹ́là náà, ó gbé e sókè, ó sì tọ́ka sí igi tó dábùú lókè ẹnu ọ̀nà. Ó ní ìda tuntun wà lórí igi yẹn, ó funfun, kò tíì gba eruku. Ẹnì kan gbé àbẹ́là síbẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ọtí kò lè dé. Iná náà ń jó dáadáa lókè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Ó ní kí Galderic gbé e síbẹ̀ bí ó ṣe gbé e lọ́jọ́ náà.

Ó gbìyànjú. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀ràn yìí. Ó dìde lórí ìka ẹsẹ̀, ó na ọwọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ fà á padà, ìda sì ń kán sí i lọ́wọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ lé agbọ̀n, agbọ̀n náà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, mo sì gbá a mú. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì ń sunkún láìsí ohùn.

Ó jẹ́wọ́ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ìbaaka rẹ̀ ló gbé òkú, ọwọ́ rẹ̀ ló já ògiri. Nígbà tó dé láti oko lọ́jọ́ náà, Abdon ti kú nínú àgbá, ẹnì kan sì jókòó sórí àtẹ̀gùn tí òun jókòó sí yìí, ó ká ọwọ́ lé orúnkún.

"Kò sọ fún mi, mi ò sì bi í," ni Galderic wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Pujade, ẹ̀mí mi ti fẹ́ tán. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ta ló máa pa á lára?"

Honorine pa àbẹ́là náà. Ó ní òun ò lè kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

* * *

Orí òkè la ti rí Baptistine, níbi tí ògiri ti wó. Òjò ti gbá erùpẹ̀ oko lọ sísàlẹ̀, Baptistine sì ń kó o padà. Ó ń fi ṣọ́bìrì rọ ọ́ sínú agbọ̀n, ó ń gbé agbọ̀n náà kọ́ ẹ̀yìn, ó ń gùn ún lọ sókè, ó ń dà á sí ìdí àwọn àjàrà. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe. Ó rí wa, kò dúró. Honorine náà kò dá a dúró. Ó jókòó sórí òkúta títí tí agbọ̀n náà fi ṣófo.

Ó sọ gbogbo ohun tó mọ̀ fún un ní ṣókí: òkúta, ẹsẹ̀, fèrèsé tí òjò kò lè bá, ìda orí igi, àti Galderic tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ó ní nínú ilé yẹn, èèyàn méjì péré ni ọwọ́ wọn tó igi yẹn, ọ̀kan sì ti kú.

Baptistine bọ́ okùn agbọ̀n kúrò ní èjìká. Ó bi wá bóyá a ti mú àbúrò bàbá òun. Nígbà tí Honorine ní bẹ́ẹ̀ ni, ó jókòó.

"Wọ́n ń polówó ilẹ̀ bàbá mi lẹ́nu ní ilé kọfí, èmi sì wà lórí òkè, mò ń kórè," ni ó wí. "Thècle ló sọ fún mi níbi tí mo ti lọ ra búrẹ́dì. Ó rò pé mo ti mọ̀. Mo délé, mo bi í. Ẹ mọ ohun tó sọ, Àǹtí? Kò bínú rárá. Ó ní, 'Ta ni mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún?' Mo wà níwájú rẹ̀. Mo ti bọ́ sí ogójì ọdún ó lé, mo wà níwájú rẹ̀, erùpẹ̀ wà ní èékánná mi. Ó ní bí mo bá jẹ́ ọkùnrin ni, òun kì bá tà á. Ó ní obìnrin kì í gbé orúkọ Vilarem débì kankan."

Honorine kò wo ojú rẹ̀. Ó ń wo òkun.

"Kò sí ìgbà tí kì í ṣe èmi ni mò ń tan àbẹ́là fún un," ni Baptistine ń bá a lọ. "Kì í wo ibi tí mo gbé e sí. Bó bá ṣáà ti rí ìmọ́lẹ̀, ó tó o. Mo gbé e sókè. Mo dí fèrèsé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó kọ́kọ́ ń kọrin, lẹ́yìn náà ló dákẹ́, ó wá pè mí. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì."

"O lè dìde nígbà yẹn," ni Honorine wí.

"Mo mọ̀. Mò ń retí pé kí n dìde. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń retí ara mi."

Nísàlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kan ń wọlé, àwọn ẹyẹ òkun sì ń tẹ̀ lé e. Honorine bi í bóyá òun ló ní kí Galderic já ògiri. Ó ní rárá o. Ó ní Galderic ló rò ó fúnra rẹ̀, tó ní kò yẹ kí ẹ̀gbọ́n òun kú sínú àgbá bí eku. Ó bẹ̀ wá pé kí a dá arúgbó náà sílẹ̀. Honorine ní ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́wọ́ adájọ́, òun máa sọ ohun tí òun lè sọ fún un. Èmi mọ̀, òun náà sì mọ̀, pé ẹni tó pa bàbá rẹ̀ kò lè jogún rẹ̀, pé Galderic kò ní agbára láti di òkè yẹn mú, pé kò ní pẹ́ tí Kessler á fi rí ẹni tó máa tà á fún un.

Inú ọkọ̀, nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, ni Baptistine tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní ọtí inú àgbá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú rẹ̀. Lọ́la, ó pẹ́ tán lọ́túùnla, ó yẹ kí ẹnì kan da ọtí líle sí i kó lè ṣíwọ́ híhó, kí adùn rẹ̀ má baà jó tán. Ó ní ọtí ọdún yìí dára, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àbúrò bàbá òun mọ̀ ọ́n ṣe.

"Galderic wà ní àgọ́," ni mo wí.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ṣe, Àǹtí Honorine. Ọmọ Pujade ni yín."

Bí a ṣe dé ìlú, Honorine sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé àwọn Vilarem, ó fi okùn àti ìda pupa ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ náà pa, ó tẹ òǹtẹ̀ ìjọba lé e lórí, nítorí ibi tí èèyàn kú sí ni, òfin kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀ mọ́ títí adájọ́ á fi dé láti Perpignan. Nígbà tó padà sínú ọkọ̀, ó ní kí n máa wà á lọ.

Adájọ́ náà kò tètè wá. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo òpópó ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ti ń rùn fún ọtí kíkan, àwọn ará àdúgbò sì ti fèrèsé wọn pa.